Kí Ọwọ́ Lè Yá, Kí Ìkíni Lè Pẹ́

Nínú gbogbo bọ́tìnnì orí kíbọọ̀dù mi, èyí tí wọ́n kọ e sí ni mo fẹ́ràn jù. Bí mo bá ṣí Gmail, tí mo ka ímeèlì kan tán, tí mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti yanjú, e ni mo máa ń tẹ̀. Ímeèlì náà á kúrò níwájú mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sọnù, n kò sì pa á rẹ́. Ó wà níbi ìpamọ́, ọjọ́ tí mo bá ń wá a, màá rí i. Àmọ́ ojú mi ti kúrò lára rẹ̀, ọkàn mi náà sì ti gbé e sílẹ̀. N kò wòkè wolẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà láti mọ ibi tí màá tẹ̀, n kò sì fọwọ́ kan máòsì.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àbùjá orí kíbọọ̀dù ni mo fẹ́ sọ lónìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ dáadáa, nítorí ó ti yí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Ẹni tó bá ń fi ímeèlì jẹun mọ̀ pé kì í ṣe kíkà ló ń tánni lókun. Ohun tó ń tánni lókun ni pé a ka ímeèlì kan láàárọ̀, a ò pinnu ohun tí a fẹ́ ṣe sí i. A tún ṣí i lọ́sàn-án, a tún fi í sílẹ̀. Nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, a ti ka ìwé kan náà ní àkàtúnkà, ẹni tó kọ ọ́ ò sì tíì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu wa.

Ọ́fíìsì tí mo wà n'Ìbàdàn máa ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ káàkiri ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Èkìtì, èmi sì ni àpótí ímeèlì wà lọ́wọ́ mi. Kílẹ̀ tó mọ́, olùkọ́ kan á ti kọ̀wé láti Ìṣẹ́yìn pé orúkọ òun kí òun tó lọ́kọ ni wọ́n kọ sí ìwé ẹ̀rí òun. Òmíràn ní Ìkìrun á fẹ́ mọ̀ bóyá owó ọkọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé kan ní Ìlá Ọ̀ràngún á fi orúkọ àwọn olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Ó fi báírò kọ ọ́ sínú ìwé, ó wá ya fọ́tò ìwé náà, fọ́tò ọ̀hún ò sì mọ́ dáadáa. Báǹkì á ti fi iye owó tó kù ránṣẹ́. Hòtẹ́ẹ̀lì tí a ti lò rí á máa polówó gbọ̀ngàn. Àwọn gbájú-ẹ̀ náà ò ní gbẹ́yìn, wọ́n á ní a ti jẹ owó ńlá ní ìlú tí a ò dé rí. Gbogbo wọn á tò gbọọrọ sójú kọ̀ǹpútà, ìlà kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìlà tí olùkọ́ ti ń sọ ìṣòro rẹ̀ kò gùn ju ìlà gbájú-ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ṣíṣà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà kì í gbé ẹyọ kọ̀ọ̀kan sókè kó máa rò ó. Ojú ń wò, ọwọ́ ń mú òkúta kúrò, ọ̀rọ̀ sì ń lọ lẹ́nu. Bí mo ṣe fẹ́ kí ọwọ́ mi máa rìn nínú àpótí ímeèlì nìyẹn, máòsì kì í sì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń lọ gan-an. Ìka ìtọ́ka mi ọwọ́ ọ̀tún wà lórí j. Bí mo bá tẹ j, màá sọ̀kalẹ̀ sí ímeèlì tó kàn, bí mo bá tẹ k, màá padà sókè. Tí mo bá dé orí èyí tí mo fẹ́ kà, màá tẹ o, ó ti ṣí nìyẹn. Ti Ìṣẹ́yìn rèé: orúkọ tí kò tọ́ nínú ìwé ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ yìí ò kọjá ìdáhùn kúkúrú àti àtúnṣe, màá tẹ r, àyè ìdáhùn á ṣí, màá kọ ọ̀rọ̀ mi, màá di Ctrl mú, màá tẹ Enter, ó ti lọ. Màá tẹ e. Ti Ìkìrun, ẹni tó ń bójú tó owó ló yẹ kó dáhùn, nítorí náà màá tẹ f, màá fi í ṣọwọ́ sí i. Fọ́tò tó wá láti Ìlá ń fẹ́ ìfarabalẹ̀, n kò lè jókòó tì í nísinsìnyí, màá tẹ b, màá ní kó padà wá bá mi ní aago méjì ọ̀sán. Ti báǹkì, e. Ti hòtẹ́ẹ̀lì, e. Ti gbájú-ẹ̀, àmì ìyanu, ìyẹn ! tó ń sọ fún Gmail pé ìwé jìbìtì tàbí ìwé pàǹtírí ni. Bí mo bá fẹ́ kúrò nínú ímeèlì tí mo ṣí kí n padà sí àtòkọ, u ni.

Gbogbo èyí kì í ṣiṣẹ́ títí èèyàn á fi tan án. Ẹ lọ síbi àmì bíi jíà ọkọ̀ tó wà lókè lápá ọ̀tún nínú Gmail, ẹ tẹ "See all settings". Lábẹ́ "General", ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Keyboard shortcuts" sí, ẹ tẹ "Keyboard shortcuts on", kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá láti tẹ "Save Changes". Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbàgbé ti ìsàlẹ̀ yẹn, tí wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́. Ohun kan tún wà lábẹ́ "Advanced" tí wọ́n ń pè ní "Auto-advance". Bí ẹ ò bá tan ìyẹn, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ e ni Gmail á dá yín padà sí àtòkọ. Bí ẹ bá tan án, á gbé yín lọ sínú ímeèlì tó kàn tààrà. Ìyẹn nìkan tó nǹkan fún ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ yìí ní ìtàn tí àwa tí a lo káfè nígbà yẹn ò lè gbàgbé. Kí Gmail tó dé, Hotmail máa ń fún èèyàn ní mẹ́gábáìtì 2, Yahoo ń fúnni ní 4. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan ní káfè, lára wákàtí yẹn ló ti máa pa àwọn ímeèlì àtijọ́ rẹ́ kí tuntun tó ráyè wọlé. Lọ́jọ́ kìíní oṣù April ọdún 2004, Google kéde Gmail, iṣẹ́ tí Paul Buchheit bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní gígábáìtì 1 lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, àwọn kan rò pé àwàdà April ni. Àyè yẹn ló bí e. Níbi tí àyè ò bá ti sí, ohun méjì péré ni èèyàn lè ṣe sí ìwé: kó fi í sílẹ̀ tàbí kó pa á rẹ́. Nígbà tí àyè dé, tí ẹ̀rọ ìwádìí Google sì wà lẹ́yìn rẹ̀, èèyàn lè gbé ìwé kúrò lójú láìsí ìbẹ̀rù. Ẹ̀rù pé "bóyá màá tún nílò rẹ̀" ló ń mú kí àpótí kún, e sì ti yanjú ẹ̀rù yẹn.

Kí ló dé tó jẹ́ j àti k? Kò sí nǹkan nínú lẹ́tà méjèèjì tó jọ ìsàlẹ̀ tàbí òkè. Ní 1976, Bill Joy, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì California ní Berkeley, kọ ètò ìkọ̀wé kan tí wọ́n ń pè ní vi. Ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀ ni ADM-3A, èyí tí iléeṣẹ́ Lear Siegler ṣe. Ẹ̀rọ náà ò ní bọ́tìnnì ọfà lọ́tọ̀, orí h, j, k àti l ni wọ́n ya ọfà sí: j lọ sísàlẹ̀, k lọ sókè. Joy lò ó bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lẹ́yìn rẹ̀ jogún rẹ̀, ó sì bá wọn wọ inú Gmail. Ẹ̀rọ ADM-3A ti di ohun àtijọ́, ọfà rẹ̀ ṣì ń darí ọwọ́ mi nínú ọ́fíìsì n'Ìbàdàn.

Ẹ fọwọ́ kan j lórí kíbọọ̀dù yín. Ẹ ó rí i pé ó ní àmì kékeré tó yọ síta, bẹ́ẹ̀ náà ni f. Àǹtí mi, tó ṣe táípíìsì ní Sẹkitéríàtì l'Agodi kí wọ́n tó kó kọ̀ǹpútà débẹ̀, ló kọ́kọ́ fi ibi tí ìka máa ń jókòó hàn mí: ìka òsì lórí a, s, d, f, ìka ọ̀tún lórí j, k, l àti àmì tó tẹ̀ lé e. "Ojú ìwé ni kí ojú rẹ wà," ni wọ́n máa ń sọ, "ọwọ́ mọ ilé rẹ̀." Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin nílé ẹ̀kọ́ ìtẹ̀wé láyé ọjọ́un ni, àwọn kan sì máa ń fojú kéré rẹ̀. Èmi ò fojú kéré rẹ̀ rárá. Àwọn obìnrin yẹn mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ olówó ńlá lónìí ò mọ̀: ọwọ́ tó bá mọ ilé rẹ̀ ń jẹ́ kí orí ráyè ronú.

Ṣé òótọ́ ni pé ó yá ju máòsì lọ? Ìbéèrè yìí tọ́, a ò gbọdọ̀ fi ìtara dá a lóhùn. Ní 1980, Stuart Card, Thomas Moran àti Allen Newell gbé ìṣirò kan jáde nípa àkókò tí ohun kọ̀ọ̀kan ń gbà nídìí kọ̀ǹpútà. Fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa, títẹ bọ́tìnnì kan ń gba nǹkan bíi 0.2 ìṣẹ́jú-àáyá. Gbígbé ọwọ́ láti kíbọọ̀dù lọ sórí máòsì, tàbí láti orí máòsì padà, ń gba 0.4. Fífi máòsì tọ́ka sí nǹkan lójú ẹ̀rọ ń gba 1.1. Bí a bá ro ti máòsì pọ̀, pẹ̀lú títẹ bọ́tìnnì rẹ̀, láti ìgbà tí ọwọ́ kúrò lórí kíbọọ̀dù títí tó fi padà, ó lé ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ìka lórí e ò gbà ju 0.2 lọ. Ṣùgbọ́n iye kan tún wà nínú ìṣirò wọn tó tóbi ju ti títẹ̀, ti gbígbé ọwọ́ àti ti títọ́ka lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: 1.35 ìṣẹ́jú-àáyá fún ìmúrasílẹ̀ ọkàn, ìyẹn àkókò tí orí fi ń pinnu kí ọwọ́ tó rìn.

Ibẹ̀ ni Bruce Tognazzini, tó ṣiṣẹ́ ní Apple, ti bá àwọn olólùfẹ́ kíbọọ̀dù fà á. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó kọ̀wé pé àwọn tí Apple dán wò máa ń sọ pé kíbọọ̀dù ló yá, ṣùgbọ́n aago ń sọ pé máòsì ló yá. Àlàyé rẹ̀ ni pé èèyàn máa ń lo àkókò láti rántí bọ́tìnnì wo ló yẹ kó tẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé àkókò yẹn ti lọ, nítorí ọkàn rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbà pé òótọ́ ni fún ẹni tó ṣì ń rántí. Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ pé "kí tiẹ̀ ni ti ìpamọ́ o?" nígbà gbogbo, kó kúkú lo máòsì rẹ̀. Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ tèmi ni pé ìwọ̀nba bọ́tìnnì tí èèyàn ń lò láti àárọ̀ dalẹ́ kì í pẹ́ kúrò nínú ohun tí à ń rántí. Wọ́n á di ti ọwọ́. Ìgbà yẹn ni ìmúrasílẹ̀ ọkàn yẹn á padà sórí ohun tó yẹ ká máa rò: kí ni olùkọ́ yìí ń fẹ́, ṣé èmi ni mo lè ṣe é, ṣé òní ni? N kò lo ọ̀nà àbùjá nítorí ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Mo ń lò ó kí n má baà máa ro ibi tí bọ́tìnnì wà nígbà tó yẹ kí n máa ro ọ̀rọ̀ èèyàn.

Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mọ́ mi nínú. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ò ní c, q, v, x àti z. Àwa tí a ń fi Yorùbá kọ̀wé lè kọ odidi ojú ìwé kan láìfọwọ́ kan wọn. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú Gmail: c ń ṣí ìwé tuntun, x ń mú ímeèlì kan sọ́wọ́ kí a lè kó o pọ̀ mọ́ òmíràn, v ń gbé e lọ síbòmíràn, z ń dá ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe padà. Bí a bá fi Ctrl kún wọn, àwọn náà ni wọ́n ń ṣe àdàkọ, gígé àti lílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń fi àmì ohùn kọ Yorùbá ṣọ́ra: bí ètò kíbọọ̀dù Yorùbá tí ẹ ń lò bá fi ẹ tàbí ṣ sí ipò ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, ọ̀nà àbùjá yẹn ò ní jẹ́ ìpè títí ẹ ó fi yí i padà sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Lórí Windows, ẹ di bọ́tìnnì tó ní àmì fèrèsé mú, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì gbọọrọ ìsàlẹ̀, ètò á yí. Mo ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣa ímeèlì, mo sì ń yí i sí Yorùbá bí mo bá fẹ́ dáhùn.

Bàbá kan wà tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà l'Ékòó, ní Lọ́ńdọ̀n, ní Houston. WhatsApp wà fún ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ìpàdé àti ìṣirò owó ṣì ń gba orí ímeèlì. Bàbá pè mí pé kí n wá wo àpótí àwọn. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹnì kan ti kọ àdúrà ọdún tuntun sí gbogbo ẹgbẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ sì ti dáhùn "Àmín" sí gbogbo ẹgbẹ́. Lójoojúmọ́ ni "Àmín" tuntun ń gbé àdúrà yẹn padà sókè, ó sì ń ti ìwé ìṣirò owó sísàlẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ fi ìka yín sórí j, sà. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀."

Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wo ìlà aláwọ̀ búlúù tó ń bá wọn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ó ń lọ. Ó ń lọ o."

"Bí ẹ bá dé orí èyí tó ti parí, ẹ tẹ x. Ẹ tún sọ̀kalẹ̀, ẹ tún tẹ x. Tó bá ti tó, ẹ tẹ e."

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n mú kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n yọ ọwọ́ lórí kíbọọ̀dù. "Ọmọ mi, níbo ni wọ́n lọ? Ìwé ìpàdé wà nínú ẹ̀ o."

Mo ní kí wọ́n tẹ àmì /, èyí tó ń gbé ọwọ́ sínú àyè ìwádìí, kí wọ́n kọ "ìpàdé". Gbogbo rẹ̀ jáde. Mo fi hàn wọ́n pé bí wọ́n bá kọ has:attachment, àwọn tí fáìlì so mọ́ nìkan ló máa jáde, bí wọ́n bá sì kọ older_than:1y, àwọn tó ti ju ọdún kan lọ ni. Inú wọ́n dùn sí ìyẹn ju ohun tó kù lọ, torí akọ̀wé ni wọ́n, ẹni tó máa ń wá ìwé àtijọ́ ni akọ̀wé.

A wá dé orí àdúrà. Mo ní, "Tí ẹ bá tẹ m níbí, sà, kò ní wá síwájú yín mọ́, bó ti wù kí wọ́n dáhùn tó."

Wọ́n wò mí. "Tí ẹnì kan bá wá bi mí ní ìbéèrè láàárín àwọn àmín yẹn ńkọ́?"

Ìbéèrè tó múná gan-an nìyẹn, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lo m bi ara rẹ̀. Àwọn èèyàn wa kì í ṣí ìwé tuntun fún ọ̀rọ̀ tuntun. Abẹ́ èyí tó bá wà níwájú wọn ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, kódà kó jẹ́ abẹ́ àdúrà ni wọ́n ti fẹ́ béèrè owó ìṣàkóso. Bí a bá ti pa ohùn ìwé kan, ìbéèrè yẹn lè kọjá lára wa. Mo fi hàn wọ́n pé kíkọ is:muted sínú àyè ìwádìí ń kó gbogbo èyí tí a ti pa ohùn rẹ̀ jáde, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tẹ m, wọ́n kọ́kọ́ tẹ r, wọ́n kọ "Àmín, Jésù" sí ẹni tó gbàdúrà náà nìkan. Mo rò pé ọ̀nà wọn ló dára jù, èmi náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ó ní ibi tí ọwọ́ yíyá yìí ti léwu. Tí a bá ti tan ọ̀nà àbùjá, tí a sì ń tẹ̀wé nígbà tí ojú wa rò pé a wà nínú àyè ìkọ̀wé ṣùgbọ́n tí a ò sí níbẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á di àṣẹ. Kí ọwọ́ tètè lọ sórí z, ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ á padà. Àmì tó ń pa ímeèlì rẹ́ ni #. Lórí kíbọọ̀dù Amẹ́ríkà, Shift àti 3 ló ń gbé e jáde, nítorí náà ó ṣòro kí ọwọ́ ṣèèṣì kàn án. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù tokunbo tí à ń rà níbí, láti ìlú Ọba ló ti wá. Shift àti 3 lórí ìyẹn, owó pọ́n-ùn ló ń kọ, # sì ní bọ́tìnnì tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Enter, láìsí Shift rárá. Ẹ wo kíbọọ̀dù yín kí ẹ mọ irú èyí tó jẹ́. Ti ìwé tí a ti fi ránṣẹ́, nínú Settings náà ni ibi tí a ti lè sún àkókò ìdápadà láti ìṣẹ́jú-àáyá 5 dé 30. Mo gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ mú 30.

Àwọn tó ń lo Outlook náà ní tiwọn: Ctrl àti N fún ìwé tuntun, Ctrl àti R fún ìdáhùn, Ctrl àti Shift àti R fún ìdáhùn sí gbogbo èèyàn. Ohun tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú níbẹ̀ ni Ctrl àti F. Níbi gbogbo, ìwádìí ló wà fún, àmọ́ nínú Outlook, ṣe ló ń fi ìwé ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn. Raymond Chen, tó ti pẹ́ ní Microsoft, sọ ìdí rẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn tó ń dán Exchange, ètò ímeèlì Microsoft tó ṣáájú Outlook, wò kí wọ́n tó gbé e jáde ló kọ̀wé pé bí òun ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, orúkọ ẹni náà sì ni Bill Gates.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí díẹ̀ rèé, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ náà ká mi lára jù. Àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń yára nídìí ímeèlì máa ń ní kí ìdáhùn kúrú. "Noted." "Thanks." Ìlà kan péré. Lọ́dọ̀ wa, bí ọ̀gá ilé ìwé tó ti tó bàbá ẹni bá kọ̀wé láti Ìlá, tó kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà, tó kí mi kú iṣẹ́, tó gbàdúrà fún àwọn ọmọ mi, kó tó wá dé orí orúkọ àwọn olùkọ́, n kò lè fi "Noted" dá a lóhùn. Ìwọ̀sí ni. Ìkíni yẹn ló jẹ́ kí ẹni tó kọ̀wé mọ̀ pé èèyàn ló gba ìwé òun. Nítorí náà, màá kọ ọ́: ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ, ará ilé ńkọ́, ọwọ́ mi ti tẹ orúkọ àwọn olùkọ́. Ó ń gba àkókò. Ibi tí mo fẹ́ kí àkókò mi lọ nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń yára ṣa ti báǹkì àti ti hòtẹ́ẹ̀lì kúrò ni kí n lè rọra kí Bàbá.

Gmail ní ohun tí wọ́n ń pè ní "Templates", ọ̀rọ̀ tí a ti kọ sílẹ̀ tí a lè máa gbé sínú ìdáhùn. Mo ń lò ó fún àpèjúwe ọ̀nà gbọ̀ngàn wa àti fún àtòkọ ohun tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ mú wá. N kì í lò ó fún ìkíni. Ẹni tó ti gba ìkíni kan náà láti ọwọ́ mi, láìyí lẹ́tà kan padà, á mọ̀, kò sì ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní kọ̀wé gígùn sí mi mọ́. Bẹ́ẹ̀, inú ìwé gígùn yẹn ni mo ti ń gbọ́ pé òrùlé ilé ìwé ti ṣí, pé olùkọ́ ìṣirò ti japa, pé àwọn ọmọ ò wá lọ́jọ́ ọjà. Kò sí fọ́ọ̀mù tí à ń fún wọn tó ń béèrè ìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òkú. Bí olùkọ́ bá kọ̀wé pé òun ò lè wá nítorí ìyá òun tó papò dà, n kì í tẹ nǹkan kan. Màá ka ìwé náà tán, màá pè é lórí fóònù. Lẹ́yìn ìpè ni màá tó tẹ s, kí ìràwọ̀ wà lára rẹ̀, kí n lè rántí ọjọ́ ìsìnkú.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má kọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. j, k àti e ti tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tí ìka bá ti mọ ìyẹn, ẹ fi o àti u kún un, lẹ́yìn náà r, lẹ́yìn náà àmì / fún ìwádìí. Nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ mọ èyí tó kù, ẹ tẹ àmì ìbéèrè, Gmail á tò gbogbo wọn síwájú yín. Àwọn oníbọ́tìnnì méjì wà níbẹ̀ tó wúlò gan-an: g tẹ̀ lé e pẹ̀lú i ń gbé yín padà sí àpótí àkọ́kọ́, g àti t ń gbé yín lọ síbi àwọn ìwé tí ẹ ti fi ránṣẹ́, g àti d ń gbé yín lọ síbi èyí tí ẹ kọ tì.

Mo mọ̀ pé fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú yín fi ń ka ímeèlì, kò sì sí j lórí rẹ̀. Lórí Android, ẹ wọ Settings inú Gmail, lẹ́yìn náà "General settings", lẹ́yìn náà "Swipe actions". Níbẹ̀ ni ẹ ti lè yan ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá fi ìka fa ìlà kan sọ́tùn-ún tàbí sósì. Èmi fi ìpamọ́ sí apá ọ̀tún, mo fi ìsúnsíwájú, ìyẹn iṣẹ́ tí b ń ṣe lórí kíbọọ̀dù, sí apá òsì. Tí mo bá jókòó sínú ọkọ̀ láti Ìwó Road lọ sí Ọ̀yọ́, tí n kò lè ṣí lápútọ́ọ̀pù, mo lè ṣa gbogbo ti àárọ̀ tán kí ọkọ̀ tó dé Mọ́níyà. Àwọn ìwé tó ń fẹ́ ìkíni á dúró dè mí títí màá fi jókòó sídìí tábìlì.